Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Tò Kí Ẹ̀rù Lè Bà Wọ́n

Ẹ bá mi sún àpótí yẹn síbi òjìji kí n jókòó dáadáa. Ìyá Dúrótoyè, ẹ fi etí ọmọ yín sílẹ̀ ná. Ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n ni, etí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fà mọ́. Fọlábòmí, ìwọ tí o ni ṣọ́ọ̀bù, dín ariwo tẹlifíṣọ̀n rẹ kù díẹ̀, nítorí òkú tó ń ké nínú rẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi.

Gbogbo yín lẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìsinsìnyí. Dúrótoyè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, wọ́n ń gbá géèmù kan tí òkú ti ń lé ènìyàn kiri inú ilé ìwòsàn tó ti dahoro. Òkú kan yọ sí wọn lójijì, gbogbo wọn ké, wọ́n tú jáde, ẹnì kan tilẹ̀ fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ń wá ọ̀pá mi kí n lè lọ wo ohun tó fẹ́ pa wọ́n. Kí n tó dìde, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti ń ti ara wọn padà wọlé. Àkókò yẹn ni Ìyá Dúrótoyè dé. Ó ní kí Fọlábòmí ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó ní ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ẹ̀rù lọ, nǹkan ń ṣe é. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi igbó ṣe ilé, ẹ sọ fún wọn. Kí ló ń dùn nínú ẹ̀rù?"

Ìbéèrè gidi ni, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí mo ti ṣiṣẹ́ ìdẹ́rùba-ni rí. Ẹ má wo ara yín lójú. Mo ní mo ṣe é níṣẹ́, ní ìlú àwọn ẹ̀mí, títí wọ́n fi ń pe orúkọ mi kí wọ́n tó sùn. Èmi Ọdẹ́jàyí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí ẹfọ̀n máa ń yà fún lójú ọ̀nà. Ejò tó bá pàdé mi a kọ́kọ́ kí mi kó tó wọ ihò rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi ejò.

Nígbà tí eyín mi ṣì pé, ìyàwó mi Ìbídùn wà nínú ilé ìdáná ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ni ìjì bá jà. Ògiri wó, òrùlé sì dà lé e lórí. A kó erùpẹ̀ àti igi kúrò lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú, a sì gbé e jáde láàyè, egungun rẹ̀ kan kò ṣẹ́. A jó, a yọ̀, a pa adìyẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó wọlé lọ sinmi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà. Láti ọjọ́ náà, kò wọ abẹ́ òrùlé kankan mọ́. Àgbàlá ló ń sùn, àgbàlá ló ti ń dáná, ibẹ̀ náà ló ti ń gba àlejò. Bí oòrùn bá mú jù, yóò fi aṣọ borí. Bí mo bá fi imọ̀ ọ̀pẹ lásán ṣe òjìji fún un, yóò gbé ẹní rẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni nígbà náà, nítorí náà a mú un mọ́ra. Ọyẹ́ dé, ó fẹ́ sí i lára, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A se àgbo. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá bá a sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ sunkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi agbára gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó dákú mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì dán an wò mọ́. Ikọ́ náà ń wọ inú sí i, ó ń rù. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òjò ọdún yẹn bá bá Ìbídùn nínú àgbàlá, a óò sin ín kí àgbàdo tó gbó. Òun náà mọ̀. Ó sọ fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ wọlé. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ẹkùn ṣe ya mí lápá lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Akíntáyọ̀, olórí àwa ọdẹ. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ọdẹ́jàyí, ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Adákẹ́, Ìfàyàbalẹ̀ ni wọ́n ń pè é. N kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibẹ̀ sọ fún mi pé ojoojúmọ́ ni ẹ̀rù ń ba àwọn ará ibẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohunkóhun tí wọ́n bá ń jẹ tó ń mú un rí bẹ́ẹ̀, lọ bá ìyàwó rẹ wá a. Tètè o. Ojú ọ̀run ti ń yí."

Mo gbé ìbọn, mo fi àdá há ìbàdí, ìyá Ìbídùn jókòó ti ọmọ rẹ̀, mo lọ. N kò ní fi ọ̀nà dà yín láàmú. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, ó sì jìnnà.

Igbó Adákẹ́ ni mo kọ́kọ́ bọ́ sí. Nínú igbó yẹn, igi ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kọjá ló gbọ́dọ̀ panu mọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ ti ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ìrókò ń ṣàròyé nípa ẹ̀yìn tó ń ro ó, àràbà ń bú ìrókò. Mo fi ẹ̀sọ̀ rìn títí mo fi dé àárín. Ibẹ̀ ni mo ti sín. Gbogbo igi dákẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ́ mi. Ìrókò ní, "Ìwọ tí o já lu ọ̀rọ̀ wa, ó dájú pé o ní ohun tó ṣe pàtàkì láti sọ. Sọ ọ́. Bí kò bá dùn, a óò fún ọ mọ́ ibẹ̀ yẹn." Ẹlòmíràn ì bá ti máa bẹ̀bẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ìdílé mi fún wọn, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ oko wa dó, ìyàwó rẹ̀, àwọn àna rẹ̀, ìjà orí ilẹ̀ tí wọ́n jà. Kí n tó dé orí bàbá mi, gbogbo igi ti sùn. Mo gba àárín wọn kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìtàn ìdílé ẹ̀yin náà kò dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí igbó náà ti tán, iwin kan jókòó sáàárín ọ̀nà, tí ojú rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún. Bó bá fẹ́ wò ọ́ dáadáa, ńṣe ló máa ń ká ẹsẹ̀ sókè. Ó ká ẹsẹ̀ sókè, ó wò mí, ó ní, "Kí lo ń wá?"

Mo ní, "Oògùn ẹ̀rù."

Ó ní, "Èwo? Èyí tí wọ́n fi ń lé e, àbí èyí tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Ta ló ń jẹ ẹ̀rù?"

Ó ní, "Sọ fún mi ná. Kí ni ènìyàn máa ń sá fún, tó tún máa ń yíjú padà wò?"

Mo ronú. Mo ní ẹkùn, ó ní rárá. Mo ní iná, ó ní rárá. Mo ní ẹni tí ènìyàn jẹ ní gbèsè, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú eékún rẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò mọ̀ ọ́n, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yà fún mi. Ó ní, "Máa lọ. Wọ́n ń tò fún un níwájú. Bí o bá ti rí ìdí tí wọ́n fi ń tò, má wulẹ̀ padà wá sọ fún mi. Èmi náà máa ń lọ síbẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe wọ Ìfàyàbalẹ̀. Ìlú náà dára, n kò ní purọ́. Olè kò sí níbẹ̀, àìsàn kò sí níbẹ̀, iná ibẹ̀ kì í jó ènìyàn, ejò ibẹ̀ kò léyín. Òkúta tó le koko ni wọ́n fi kọ́ ilé wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú náà ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo kí ọkùnrin kan, ó pẹ́ kó tó rántí pé ó yẹ kóun dáhùn. Ibì kan ṣoṣo ni ara wọn ti yá, iwájú ilé gígùn kan tí kò ní fèrèsé. Níbẹ̀, wọ́n tò lọ bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ, àgbà àti èwe, wọ́n ń sọ̀rọ̀ fatafata, ojú wọn ń dán. Láti inú ilé náà, igbe ń ta. Lẹ́yìn igbe, ilẹ̀kùn yóò ṣí, ẹnì kan yóò já síta, tí yóò máa mí helehele, tí yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, yóò tún lọ tò sẹ́yìn.

Obìnrin àgbà kan ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn náà, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni gbogbo wọn ń pè é. Mo ṣe àlàyé ara mi fún un. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀. A kì í jẹ nǹkan kan níbí. Ẹ wọlé, kí ẹ fojú ara yín rí i." Ó gba ìbọn mi, ó gba àdá mi. Lẹ́yìn náà, ó mú okùn kan tó ti inú òkùnkùn ilé náà jáde, ó fẹ́ so ó mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, "Agogo ọrùn Jìnnìjìnnì ni okùn yìí dè mọ́. Jìnnìjìnnì ni iwin tó ń dẹ́rù bani nínú ilé. Bó bá ti tó yín, ẹ fà á. Agogo á dún, á dúró síbi tó bá wà, èmi á sì ṣílẹ̀kùn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fọkàn ro ó. Ọdẹ ni mí. Ẹran là ń so lókùn. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n fi okùn kan ara mi, kódà kí n máa ṣeré, ó ní ẹran tó bá rí mi yóò rò pé wọ́n ti mú mi tán. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mo ní, "Ìyá, ẹ fi okùn yẹn so ewúrẹ́." Ó wò mí, ó mi orí, ó sì tì mí wọlé láìní okùn.

Inú ilé dúdú. Mo dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan lókèèrè, gbì. Ó dákẹ́. Gbì. Ó dákẹ́. Nǹkan kan mí sí mi lọ́rùn, mo yí padà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọwọ́ tútù kan kàn mí létí. Ara mi bù máṣọ, n kò ní tàn yín. Lẹ́yìn náà, ohun kan já bọ́ láti òkè àjà, ó dúró níwájú mi, ó la ẹnu tó tó ẹnu ọ̀nà, ahọ́n rẹ̀ sì ń fì dé orúnkún mi, ó bú ramúramù.

Bí a ṣe kọ́ mi nìyí: bí ẹkùn bá la ẹnu sí ọ, tí o kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí o sì mú ahọ́n. Èmi Ọdẹ́jàyí ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo lọ́ ahọ́n náà mọ́ ẹ̀ṣẹ́ mi, mo tún fi orúnkún kan an níkùn. Ẹ ò bá gbọ́ igbe. "Yéè! Ìyá, ẹ ṣílẹ̀kùn o! Ta lẹ tún tì sí mi yìí?"

Ilẹ̀kùn ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Jìnnìjìnnì nìyẹn nílẹ̀, iwin olójú jẹ́jẹ́ kan, tó ti ń dàgbà, tó fi awọ ẹran wọ ara rẹ̀ láṣọ, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di ahọ́n rẹ̀ tó ti wú. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó tò síta kó orí wọlé, wọ́n rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá kan di mí lẹ́wù mú, ó ní, "Kí la máa wá ṣe lónìí báyìí? Kí la máa wá ṣe lọ́la?" Ojú tì mí. N kò rò ó rí pé ojú lè ti ọdẹ nítorí pé ó ṣẹ́gun.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí ahọ́n rẹ̀ fi máa san."

Mo ní, "Ìyá, ìyàwó mi wà nínú àgbàlá. Òjò kò ní dúró de ahọ́n ẹnikẹ́ni."

Ó ní, "Ìbọn yín wà lọ́wọ́ mi, ọ̀nà àbájáde náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ tètè kọ́ṣẹ́."

Wọ́n gbé awọ ẹran wọ̀ mí, wọ́n so agogo mọ́ mi lọ́rùn. Ẹ máa wo ọdẹ tó ní òun ò ní gba okùn. Mo sọ nínú ara mi pé kí ni ó tún le nínú ẹ̀rù? Mo mọ bí a ṣe ń lé ẹran. Ọkùnrin kan tó sanra ló kọ́kọ́ wọlé, ó di okùn rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú òkùnkùn. Mo já lù ú lójú ẹsẹ̀. Mo ké, mo gbé igi, mo lé e láti ògiri dé ògiri. Agogo ọrùn mi ń dún kíkankíkan, mo rò pé ó ń gbádùn rẹ̀ ni. Nígbà tí Ìyá ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò tò sẹ́yìn. Ó sáré lọ sílé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò wá. Wọ́n ní tèmi kì í ṣe ẹ̀rù mọ́, wàhálà ni.

Jìnnìjìnnì ránṣẹ́ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Oyin ni wọ́n fi ra ahọ́n rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Nígbà tí agogo dún, kí lo ṣe?"

Mo ní, "Mo tẹ̀síwájú."

Ó pa ojú dé. Ó ní, "Háà. O bà á jẹ́. Bí agogo bá dún tí o kò dúró, ìwọ fúnra rẹ ti di ohun burúkú yẹn. Èmi kì í ṣe ohun burúkú. Eré ni mí. Ọkùnrin yẹn wá nítorí ó mọ̀ pé okùn wà lọ́wọ́ òun. Ó fẹ́ kí àyà òun já, kó sì jẹ́ pé òun ni yóò sọ ibi tí yóò já dé. Ẹ̀rù tí òpin rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń pani."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kí ló dùn níbẹ̀? Ìlú yín tòrò, kí ni wọ́n ń wá?"

Ó ní, "O ti rí bí wọ́n ṣe ń rìn. Nǹkan kan kì í ṣe wọ́n, nítorí náà ọkàn wọn ti sùn nínú àyà wọn. Mo jí i fún wọn. Àyà wọn á lù kìkì, ojú wọn á là. Bí wọ́n bá jáde, omi lásán á dùn lẹ́nu wọn, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á máa sọ bí ẹni tó wọlé ṣáájú ṣe ké. Àwọn mìíràn sì wà tí nǹkan ti ṣe rí kí wọ́n tó dé ìlú yìí. Àwọn yẹn wá kọ́ bí wọn yóò ṣe dúró." Ó sinmi, ó lá oyin ẹnu rẹ̀. "Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni mo lè ṣe é fún o. Ẹni tí kò bá fẹ́, n kì í fà á wọlé. Má wo ojú wọn nínú òkùnkùn. Ọwọ́ tó di okùn ni kí o máa wò. Bó bá dẹ̀, sún mọ́ ọn. Bó bá le, dúró."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo lọ bẹ ọkùnrin tó sanra náà nílé rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ padà wá ni ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó jẹ́ pé ìta nìkan ló ti ń dúró láti ìgbà tó ti ń bá ọkọ rẹ̀ wá, tí ọkọ rẹ̀ yóò wọlé tí òun yóò bá a di aṣọ rẹ̀ mú. Ó wọlé. Mo fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ lókèèrè, gbì. Ó fa okùn. Mo dúró, ilẹ̀kùn ṣí, ó jáde. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ó tún wá. Ó gbọ́ gbì, ó gbọ́ gbì kejì, ó fà á. Ó tún wá. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, bó ti ń dẹ̀, mò ń sún. Ní ọjọ́ kan mo já láti òkè àjà, mo la ẹnu awọ náà, mo bú, ó ké tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fà á. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ahọ́n awọ náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awọ ni!"

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nílẹ̀, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú awọ ẹran. Mo ti rí ohun tí mo wá gbé. Mo bọ́ awọ náà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Jìnnìjìnnì. Ó dán ahọ́n rẹ̀ wò, ó bú ramúramù kékeré kan, ó ní yóò tó. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà kó ìbọn àti àdá mi fún mi, gbogbo ìlú sì sìn mí dé bodè. Wọ́n ní kí n wá máa bá wọn gbé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó gbé ẹnu tirẹ̀ lọ síbẹ̀ kó lọ bi wọ́n.

Nígbà tí mo délé, ìlà-oòrùn ti ṣú. Ìbídùn ti rù, ó jókòó sórí ẹní, ìyá rẹ̀ ń fi òrí ra àyà rẹ̀. Mo gé igi, mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo pa àgọ́ kékeré kan sí àárín àgbàlá. Mo ṣe òrùlé rẹ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ènìyàn bá fa okùn kan, gbogbo rẹ̀ á yí dànù sẹ́yìn. Mo fún Ìbídùn ní okùn náà níbi tó jókòó sí.

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Fà á."

Ó fà á, òrùlé yí dànù. Mo gbé e padà. Ó tún fà á. Mo tún gbé e padà. Ìyá rẹ̀ wò mí bí ẹni pé iwin ti gba orí mi. Ó fà á títí tí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wọ́ ẹní rẹ̀ sún mọ́ àgọ́ náà, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ le lórí okùn náà gan-an. Ewé kan mì, ó fà á. Mo gbé e padà. N kò sọ pé má bẹ̀rù. Nígbà tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti dẹ̀, mo bi í bóyá kí n mi òrùlé náà. Ó ronú sí i. Ó ní, "Díẹ̀." Mo mì í díẹ̀. Nígbà tó yá, òun ló ń sọ pé kí n mì í dáadáa, kí n da yanrìn sí i, kí n ṣe ohùn ògiri tó fẹ́ wó. Yóò ké, yóò fà á, yóò sì ní kí n tún un ṣe. Ìyá Dúrótoyè, bí ọmọ yín ṣe di páàdì géèmù yẹn mú gẹ́lẹ́ ni Ìbídùn di okùn tirẹ̀ mú.

Ṣùgbọ́n òrùlé ilé wa kò ṣe é fà. Mo ronú títí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé mo so orí okùn kan mọ́ ọwọ́ Ìbídùn, mo so orí kejì mọ́ ìbàdí ara mi, mo sì dúró sí àgbàlá. Àdéhùn wa ni pé bó bá ti fà á, èmi yóò sáré, yóò sì bá mi jáde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó fà á, mo sáré. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ó fà á, mo sáré, mo ṣubú, mo bó lórúnkún. Àwọn aládùúgbò jókòó sórí ògiri láti máa wò wá. Ó dé yàrá àkọ́kọ́. Ó dúró níbẹ̀ tó fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á. Kò tíì sùn níbẹ̀ rí, kò tíì dá nìkan wọ ibẹ̀ rí.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn nígbà tí ẹran tán nínú ilé. Ìyá rẹ̀ ti padà sí ìlú rẹ̀. Ìbídùn ní kí n máa lọ, ó ní ojú ọjọ́ mọ́. Mo lọ sígbó. Mo ti pa ìgalà kan, mo ti gbé e kọ́ èjìká, kí òjò tó ṣú lójijì, òjò àkọ́kọ́ ọdún yẹn, tòun ti ìjì. Mo sáré. N kò rò pé mo sáré bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mò ń sáré, mò ń pe orúkọ rẹ̀, omi ń wọ̀ mí lẹ́nu.

Mo wọ àgbàlá. Ẹní rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nínú omi. Àgọ́ ti wó. Ìkòkò rẹ̀ dojú dé. Kò sí Ìbídùn. Mo yí ilé po, mo wo ẹ̀yìn ògiri, mo wo abẹ́ igi, mo pè é, òjò nìkan ló ń dáhùn. Mo sọ fún ara mi pé ó ti sá wọ igbó, tàbí pé ó ṣubú sódò, tàbí pé àwọn aládùúgbò ti wá gbé òkú rẹ̀. Mo wọ inú ilé láti wá ohun tí n óò fi wá a. Inú ilé ṣókùnkùn nítorí òjò. Mo fi ohùn kékeré pè é, "Ìbídùn."

Ohun kan fò mọ́ mi lọ́rùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì bú ramúramù sí mi létí.

Mo ké. Ìgalà já bọ́, ìbọn já bọ́, fìlà já bọ́, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo la àárín àgbàlá kọjá, mo fò lé ògiri aládùúgbò, orí ògiri yẹn ni mo sì wà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Mo yíjú padà. Ìbídùn dúró nínú ilé wa, lábẹ́ òrùlé, ó di inú mú, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́, tó fi jókòó sílẹ̀. Okùn kankan kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ wọlé. Òjò ń pa yín."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri, mo wọlé.